Lórí Tábìlì Ìdáná

Mo tún tẹ́ máàpù sórí tábìlì lálẹ́ yìí.
Ó ti gbó níbi tí a ti máa ń ṣẹ́ ẹ po,
odò Misisípì ti ya sí méjì;
mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́, omi tún ń ṣàn.
Merle fa àga sún mọ́ mi.
Ó ní, "Ardith, níbo là ń lọ?"
Mo ní, "Ṣikágò."
Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ogójì ọdún la ti ń lọ.
Lọ́dún kìíní, yìnyín já lu àgbàdo,
ewé ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí àkísà.
Lọ́dún kejì, màlúù pupa fẹ́ bí,
àfi ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yàn.
Ẹ̀rọ ìkórè dẹnu kọlẹ̀.
Ìyá rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn.
Báǹkì kọ lẹ́tà.
Ìlú kì í sá, là ń sọ fún ara wa,
ibi tó wà náà ló máa wà.
Òótọ́ ni, ìlú kò sá.
Ọjọ́ ló sá.

Aago méjì òru ni ọkọ̀ ojú irin ń kọjá níbí,
kì í dúró pẹ́.
Àpò kan ni mo dì, kí ọwọ́ mi kejì lè ṣófo
láti di apá rẹ̀ mú.
Oògùn rẹ̀. Bàtà tí kì í ta á lẹ́sẹ̀.
Owó inú agolo kọfí jẹ́ ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé mọ́kànlá.
Lorna, ọmọ àbúrò mi, ń gbé lókè téńté,
àjà kẹtàdínlógún;
mo bi í bóyá fèrèsé rẹ̀ ṣeé tì pa.
Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fìlà Merle,
torí àwòṣífìlà ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀:
bó bá gbójú sókè tí fìlà já bọ́,
ẹni tó bá ṣà á yóò mọ ibi tí yóò pè.

"A ó dé ọgbà màlúù," ni Merle wí.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e lọ,
àwọn méjì àti màlúù mẹ́rìnlélógún.
Ó rántí òórùn ibẹ̀. Ó rántí ariwo,
ó rántí ọkùnrin eléyín wúrà kan
tó ju ọsàn sí i láti orí ògiri.
Ohun tó jẹ lálẹ́ yìí, kò rántí.
Wọ́n ti ti ọgbà náà pa tipẹ́.
Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí yìnyín ń yọ́.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà,
ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò gbàgbé rẹ̀.
Látìgbà náà ni mo ti fi bírò pupa yí ibẹ̀ po.
"Lọ́jọ́rú," ni mo ń wí, "lẹ́yìn adágún."

Torí adágún lèmi ṣe ń lọ.
Èmi tí omi tó fẹ̀ jù tí mo mọ̀
ò ju èyí tí màlúù ń mu,
mo fẹ́ dúró níbi tí ojú kò ti lè dé òdìkejì.
Merle rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò wá jọ oko wa báyìí?"

Dókítà ní kí n má mú un kúrò níbi tó mọ̀.
Mo wo ìdáná yìí yíká.
Láàárọ̀ òní ló bi mí pé ta ló nilé.

Lánàá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Méjì.
Wọn kì í dá owó rẹ̀ padà.
Ó wà lẹ́yìn aago ara ògiri, n kò tíì sọ fún ẹnì kan.
"Níbo là ń lọ?"
"Ṣikágò."
"Ṣé a ti débẹ̀ rí?"
"Alaalẹ́," ni mo wí, mo sì ká máàpù.

Ó ku ológbò.
N kò tíì mọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ.