Ọ̀dà Ọkọ̀ Ojú Omi

Yìnyín ti bo ojú fèrèsé dé ìdajì.
Mo fi aṣọ dí imú, mo ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́,
mo tú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́jọ kúrò lára ògiri,
mo tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn bí ẹja tí à ń sá.

Funfun ló wà lókè, èmi fúnra mi ni mo kùn ún
lọ́dún tí mo wọlé ọkọ, torí ìwé aláwòrán kan
ní funfun ló lajú.
Mo da kẹ́míkà lé e. Mo jókòó. Mo mu tíì.
Ó hunjọ bí awọ orí wàrà gbígbóná,
mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ká a kúrò.

Lábẹ́ funfun, àwọ̀ ìyeyè, ti Effie, ìyá ọkọ mi.
Lábẹ́ ìyeyè, àwọ̀ ewé tó le bí òkúta:
ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi!
Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú agolo lẹ́yìn tí a kun ọkọ̀ tán
la fi ń kun ilé ní èbúté wa yìí ní Níúfáńlándì,
títí kan ilé adìyẹ, títí kan àga ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo fá a lọ́jọ́ Ajé, owó kẹ́míkà tán lọ́wọ́ mi.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi kọ́ ni mo ṣẹ́gun.
Lọ́jọ́rú, ojú mi rú.
Effie pè láti Tòróńtò:
“Ṣé o bo imú? Òjé ń bẹ nínú ọ̀dà àtijọ́.
Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó kùn ún mọ ìdí ẹ̀.”
Mo ní igi gidi ló wà lábẹ́ ẹ̀, mà, igi óákù.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìlẹ̀kùn kìíní fi ara hàn.
Óákù kọ́.
Pákó àpótí ẹja ni, mẹ́ta tí a kàn pọ̀,
ihò ìṣó àtijọ́ ń wò mí ranjú,
lẹ́tà dúdú sì doríkodò ní igun kan:
ẹja oníyọ̀, ẹ má jẹ́ kí òjò pa á.

Bẹ́ẹ̀ Eliakimu, bàbá bàbá ọkọ mi,
ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì,
ní Bọ́sítìnì lòun ti ra kọ́bọ́ọ̀dù òun.
Aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn;
ó wọṣọ fún pákó, ó sì kú pẹ̀lú ẹnu ẹ̀ ní pípadé.

Ìlẹ̀kùn méje ló kù.
Ambrose ní agolo àwọ̀ ewé kan ń bẹ ní ahéré ọkọ̀.
N kò tíì dá a lóhùn.
Mo gbé ọ̀kan yìí kọ́ padà ní ìhòhò
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
kí ó kọ́kọ́ yáná ná.