Òkè Tí Kò Wó

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan ni Gunnvor kọ́kọ́ fi kọ́ wa.
Ó ki ẹ̀rọ tó ń ké pe ẹ̀rọ bọ inú rẹ̀,
ó rì í mọ́ inú òjò dídì lẹ́yìn ilé epo Skardvik,
ó ní, "Ọkọ yín ni. Ọmọ yín ni. Ẹ wá a."
Ó tẹ aago ọwọ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́rin fọ́n ká bí adìyẹ tó rí àṣá.
Ẹ̀rọ àyà mi ń dún tí-tí-tí,
mo lọ sọ́tùn-ún, ó rẹlẹ̀, mo bọ̀ sósì, ó tún rẹlẹ̀,
Torunn ń gún ọ̀pá sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà,
Eskil gbá ṣọ́bìrì mú, kò mọ ibi tí yóò gbẹ́.
Nígbà tí a máa fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ,
ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ti lọ.
Gunnvor gbọn òjò dídì dànù lára rẹ̀,
ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó alùpùpù bí ẹni ń tẹ́ òkú.
Kò sọ̀rọ̀.
Ó tún lọ rì í.

Ọjọ́ kejì la tó gun alùpùpù orí yìnyín lọ sókè.
"Ẹ wo òkè lójú kí ẹ tó gùn ún.
Bó bá tẹ́ bí ẹní, ẹ máa lọ.
Bó bá ga ju ọgbọ̀n díìgírì lọ, ẹ bi í léèrè:
afẹ́fẹ́ wo ló gbé ẹrù wá fún ọ lánàá?"
Ó gbẹ́ kòtò, ó fi ìka hàn wá:
òjò oṣù Kọkànlá rèé, ó ti le bí búrẹ́dì àná;
èyí tó rọ̀ lẹ́yìn Kérésì rèé;
láàárín wọn, ìpele kan tín-ín-rín bíi ṣúgà,
hóró hóró, kò di ara rẹ̀ mú, kò lè di ẹnikẹ́ni mú.
"Orí eléyìí," ó ní, "ni gbogbo òkè yìí jókòó lé."

Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá.
Kí àwọn yòókù dúró níbi tí ọwọ́ òkè kò tó,
kí ojú wọn má kúrò lára ẹni tó ń lọ.
Bí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ bá há sí ìdajì òkè,
má gùn lọ bá a. Jẹ́ kó bú ọ. Jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.
(Eléyìí ló dùn wá jù. Wọn kò tọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Skardvik.)

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.
Gunnvor mi orí: "Lórí òkè, kòtò a máa padà wá mú ará yòókù."
Kò sọ bó ṣe mọ̀.
A ṣáà rí i pé ọ̀pá ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, wáyà ni wọ́n fi dì í,
kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Aago méjìlá ku díẹ̀, a dé abẹ́ Gråskolten.
Oòrùn ràn. Òjò tuntun, kò sí ipa ohunkóhun lórí rẹ̀,
ó funfun débi tí ojú fi ń dun ni.
Eskil ti ń tẹ iná mọ́ ọn, gbìrrr, gbìrrr.
Ìgbà náà ni ilẹ̀ mí.
Hùùmù.
Bí àgbàlagbà tó jókòó sórí tìmùtìmù.
Gunnvor gbé ọwọ́ sókè. "Ilé yá."

Eskil bínú. Ó bínú títí a fi mu kọfí tán.

Òkè náà kò wó.
Kò wó lọ́jọ́ náà, kò wó lọ́jọ́ kejì,
ó dúró síbẹ̀ ní gbogbo oṣù Kẹta bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́,
títí ó fi di omi, tó rọra ṣàn lọ sínú òkun.
Ní oṣù Karùn-ún, Eskil rí Gunnvor nílé epo,
ó ní, "Ìyá, òkè yín ńkọ́?"
Ó bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú,
ó wò ó látorí dé àtàǹpàkò,
bí ẹni ń ka owó tó rò pé ó ti sọnù,
ó ní, "Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún."