Òkè Kékeré ní Ìlú Olókè

Ìlú tó lókè tó báyìí,
àpáta ràbàtà tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa,
abẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ yìí tún ti ń kó erùpẹ̀ jọ,
wọ́n láwọn fẹ́ mọ òkè.
Ìyá Moníṣọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́:
"Ẹ̀yin ọmọ Sábẹ̀ẹ́, ṣé òkè wọ́n yín ni?"

Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni,
nínú ọgbà ìlú tí ewúrẹ́ nìkan ń jẹ ayé rẹ̀,
lábẹ́ dóńgóyárò mẹ́ta tí ọ̀kan ti kú.
Ọkọ̀ ojú irin ò kọjá mọ́. Koríko ti bo irin.
Oṣù méje kí ilé Mẹ́ẹ̀rì tó fọwọ́ sí ìwé.
Akọ̀wé ní, "Bí apá bá kán ńkọ́?"
Wọ̀rú ní, "Ọ̀gá, apá mi ti kán rí,
orí igi máńgòrò ni mo ti já bọ́.
Ta ló bi igi léèrè ìwé?"

Iyanrìn odò Ọ̀pàrà ni wọ́n kọ́kọ́ lò.
Mo ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì mi, mi ò sọ̀rọ̀.
Òjò dé lóru Jímọ̀;
nígbà tílẹ̀ mọ́, òkè ti tẹ́ bí òpùrọ́.
Ìgbà náà ni wọ́n rántí pé mo ṣì wà,
èmi Bíọ̀ ọ̀mọlé,
tí mo fi amọ̀ mọ ogójì ilé
kí símẹ́ńtì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ ná.
Ẹ bu erùpẹ̀ sátẹ́lẹwọ́. Ẹ fún un. Ẹ ṣíwọ́. Ṣé ó dúró?
Ẹ tọ́ ọ lá.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mẹmúná nìkan ló tọ́ ọ lá.
Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ni yóò kọ́kọ́ fò.

Inú òkè, erùpẹ̀ ọgbà; awọ rẹ̀, ògán.
Oko Sánúsí la ti wó o,
ilé tí ikán fi itọ́ pò fún ogún ọdún.
A tọrọ gáfárà, a kó o ní bàrò mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
táyà bàrò jò lẹ́ẹ̀mẹrin.
A wọ́n omi sí i, a fẹsẹ̀ gún un, a fi òlù lù ú,
ìpele lórí ìpele, bí ẹní ń mọ ogiri
tí kò ní gbé òrùlé kankan,
tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n kọ́ èmi náà:
ojú tí a ti ń gbéra gbọdọ̀ tẹ̀ bí inú igbá,
ojú tí a ń bà sí gbọdọ̀ gùn, kó rọra lọ sílẹ̀
bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.
"Bàbá, fífò ò ṣòro. Bíbà ni."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló sọ bẹ́ẹ̀.
Èmi tí mo já láti orí àjà lọ́dún kan,
tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí mo máa bà sí fún mi,
mo dákẹ́, mo gbé e mì.
Fífò ò jìnnà sí fífọ́;
ahọ́n lásán ló yà wọ́n.

Ó dọjọ́ náà.
Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ pupa, kò ní bíréèkì iwájú.
Mẹmúná fi àkísà wé ìgúnpá,
ó wo òkè ńlá, ó wo òkè kékeré, ó wò mí.
Ìyá Moníṣọ́lá fi ìgbálẹ̀ bojú.
Kí n má parọ́, n kò wo ọmọ náà.
Ogiri mi ni mo ń wò:
táyà gùn ún, kò mì.
Ìdákẹ́jẹ́.
Lẹ́yìn náà, pọ̀!
Eruku. Lẹ́yìn eruku, ẹ̀rín.

Kòtò tí a ti bu erùpẹ̀ ṣì wà nídìí igi tó kú.
Omi ti dá sí i, ọ̀pọ̀lọ́ ti gba ibẹ̀.
Akọ̀wé wá, ó ní ká dí i.
Mo ní, ọ̀gá, òkè wo lẹ rí tó ga láìní kòtò?
Kò dáhùn. Kẹ̀kẹ́ ló ń wò.
Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ṣé àgbàlagbà lè gùn ún?"
Mo ní kó tọ́ erùpẹ̀ lá ná.