Apá Agbádá

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ọgbà Rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta,
a gbé gíláàsì dúdú kan ti ògiri, ó ga ju ènìyàn lọ.
Kì í ṣe dígí, ó kàn ń fara wé e ni:
dúró níwájú rẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ láṣọ tí a kò tíì rán.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é kí aṣọ lè jókòó ṣinṣin.
Àwọn ènìyàn wá, wọ́n wò, wọ́n ní "Ó dáa,"
wọ́n bá tiwọn lọ.
Ó dáa:
ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Àfi ìgbà tí Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́, télọ̀ ìsàlẹ̀,
gòkè wá tọrọ ibi tí yóò ti ṣáájì fóònù,
téèpù lọ́rùn, àtàǹpàkò tó le bí ìkarahun.
Agbádá sányán bò ó. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó pòṣé.
"Fọlákúnmi, aṣọ yìí ò níwà.
Agbádá tí kì í yọ̀ léjìká, pátákó ni.
Yóò máa já bọ́, a ó máa ká a.
Ibẹ̀ niyì wà."

N ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú, ẹ̀fọn ń dá a lóhùn,
mo tú gbogbo ohun tí mo ti dì ṣinṣin.
Mo kọ́ apá ọ̀tún láti máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀,
mo kọ́ tòsì ní agídí,
mo ní bí olówó rẹ̀ bá gbàgbé rẹ̀ fún èémí mẹ́ta
kí ó já wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ní Sátidé, ẹ wá wòran!
Akọ̀wé báńkì tó ti tú táì, nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀,
gbogbo wọn ń ká afẹ́fẹ́ léjìká.
Jókòótọ́lá, ọmọ ọdún méje, ń sá, agbádá ń lé e,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Bàbá ló kẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan.
Ó ká apá ọ̀tún, ó ká tòsì,
ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.
Láti ayé rélùwéè eléèédú ló ti ń rán agbádá fún ọmọ ọlọ́mọ,
kò rán ọ̀kan fún ara rẹ̀ rí.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo yọjú lójú fèrèsé.
Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lára rẹ̀, àti téèpù.
Ó dé ẹnu géètì, ó dúró,
ó sì fọwọ́ ọ̀tún gbé ohun tí kò sí
padà sórí èjìká.