Babárímisá

Orúkọ bàbá bàbá mi ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo rí.
Babárímisá.
Bàbá rí mi, ó sá.
Ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ló fi jẹ́ orúkọ náà.
Bí wọ́n bá pè é ní gbangba, á dáhùn
bí ẹni tí wọ́n rán létí gbèsè.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ìṣirò oyún.
Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n bí i,
lọ́dún tí lúkúlúkú fi adìyẹ sílẹ̀
tó bọ́ sára ènìyàn.
Mo ka oṣù sẹ́yìn lórí ìka mi,
mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn,
mo lọ síbi tí ìjọba kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí.
Eruku wọ̀ mí nímú, mo sín.
Ọkùnrin tó jókòó tì mí sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.
Ara kì í tètè gbàgbé.

Ìwé owó-iṣẹ́ àwọn alááru,
ibùdó rélùwéè Òṣogbo, 1918.
Akọ̀wé ò gbọ́ orúkọ wa dáadáa:
"Osunwi" ló kọ. Ọ̀ṣúnwùyí ni.
Ṣílè mẹ́ta àti sísì.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ṣílè mẹ́ta àti sísì.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, tàdáwà pupa
la àárín orúkọ rẹ̀ kọjá,
ó sì la ti àwọn mẹ́rìnlá mìíràn kọjá,
ìlà tó gún régé, ọwọ́ akọ̀wé ò gbọ̀n.
Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó kú.
Nísàlẹ̀ ojú ìwé: "Ẹ gba àwọn tuntun."

Nílé wa, Èkó ni wọ́n ní ó sá lọ.
Wọ́n ní ó tẹ̀lé rélùwéè, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn,
ó fi oyún oṣù méje sílẹ̀ fún Àwẹ̀ró.
Bàbá àgbà gbà bẹ́ẹ̀.
Kò wọ rélùwéè rí títí ó fi wọlẹ̀.

Ìyá Súwébátù ló kù, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ojú ti lọ, etí ló ṣẹ́kù.
Ó ní: "Ìyá mi ló sọ fún mi. Òun ló ń gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn.
Àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ Èkó ló kọ́kọ́ wúkọ́.
Lọ́jọ́ tí Ọ̀ṣúnwùyí fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀,
kò darí sílé mọ́.
Orí àpò òwú ló sùn sí, nínú ilé ẹrù.
Àwẹ̀ró bá wá a débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ọkọ rẹ̀ dìde. Ó wo ojú rẹ̀,
ó wo ikùn rẹ̀,
ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá jáde.
Ó ń wúkọ́, ó ń sáré.
Ìyá mi ní òun ò rí aláìsàn tó sáré báyẹn rí."

Bàbá àgbà, ṣé ẹ gbọ́?
Ó rí yín lóòótọ́.

Mo ní, níbo ló wá sá sí?
Ìyá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé,
ọwọ́ ń gbọ̀n, ibi tó nà sí ò dúró sójú kan.
Ó ní igbó ni ibẹ̀ nígbà náà,
ihò kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ fún wọn,
kò sẹ́ni tó ka iye orí.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí,
tàbí kó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi táwọn fọkanáísà ń gbé táyà kọ́.
Mo ra ṣájà tí n kò nílò
kí n lè rí ìdí dúró.
Ọmọkùnrin tó tà á fún mi wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀,
ó ní kí n má bínú.
Mo dúró síbẹ̀, owó ṣẹ́ńjì lọ́wọ́,
n ò mọ ibi tó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ mi sí.