Ilà Ojú Ilẹ̀

Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé ìdáná ní Viroqua,
mo fi ife tíì tẹ igun kan,
mo fi ìgò oyin Arvid tẹ èkejì.
Òjò ìparí oṣù kẹrin ń rọ̀ sórí òrùlé.
Máìlì mẹ́rìnléláàádọ́rin. Òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀,
àfi ibi tó bá jẹ́ ẹrẹ̀.

Ìlà ni àwọn tó ya máàpù pè é.
Ilà ni èmi rí:
àbàjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí pápá àgbàdo,
gọ̀mbọ́ gidi létí odò Kickapoo,
ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n fún pọ̀
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá tó bí bàbá mi.
Níbi tí ilà bá ti ki, ibẹ̀ ni itan yóò ti ké.

Odò náà fúnra rẹ̀ kò mọ ọ̀nà tààrà.
Ó lọ, ó bọ̀, ó yà kí igi kan,
ó padà wá wo ohun tó gbàgbé sẹ́yìn.
Ìgbà mọ́kànlá ni a ó sọdá rẹ̀
kí oòrùn tó dé àtàrí.

Arvid pè. Orúnkún rẹ̀ ló gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀:
kí a fo Bad Axe, kí a gba etí odò lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.
Odò tí wọ́n sọ ní Àáké Burúkú!
Ta ní ń sọ omi lórúkọ báyìí?
Mo ní, bí a ó bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́,
ká kúkú jẹ èyí tó lẹ́yin.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó bi mí bóyá lóòótọ́ là ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ nílé wa.

Omi: ẹ̀rọ àfọwọ́fà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé pupa,
ó ṣì ń pọn, bí èèyàn bá ní sùúrù.
Ajá: mẹ́ta. Èyí tó ń gbó kọ́ ni ká bẹ̀rù.
Àwọn Ámíṣì: ẹṣin wọn ló lọ̀nà,
ká yà fún wọn, ká kí wọn.
Afárá: àgbàrá ti gbé ọ̀kan lọ,
máàpù kò tíì gbọ́.
Táyà: kó rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n tán.
Oúnjẹ: wàràkàṣì, àti kúlíkúlí
tí Bọ́látitó fi ránṣẹ́ láti Milwaukee,
bí mi ò bá jẹ ẹ́ tán lálẹ́ yìí.

Fádérera dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́.
"Ta ló rán yín? Ẹ ṣáà ní mọ́tò."
Mo ń wá èsì. Ó ti lọ sùn.

Bàbá mi kò ní máàpù.
Ràlé kan ló ní, àti òkè Èfọ̀n.
Èmi wà lórí àpò kòkó lẹ́yìn rẹ̀,
ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń dán fún òógùn ni mo ń wò.
Kí òkè tó lé e bọ́ sílẹ̀, ó ti fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀,
ó di irin mú, ó ń tì wá.
Àwọn èèyàn ń kọjá.
"Títì kì í ṣe ìtìjú," ni ó wí,
kò sì lanu mọ́ títí a fi dórí òkè.
Lẹ́yìn náà a já wálẹ̀,
mo gbọ́ tí àgbàlagbà ń hó bí ọmọdé.

Mo mú pẹ́ńsù.
Níbi tí ilà Bad Axe ti ki jù,
mo kọ ọ́ wínníwínní: títì.
Arvid yóò bèèrè kí ni.
Màá sọ fún un níbẹ̀, nígbà tí èémí bá ti tán,
tí àlàyé kò ní gbà ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

Òjò ti dá. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
N ò sì tíì ra ṣéènì.