Ohun Tí A Lẹ̀ Mọ́ Ìdí Ọkọ̀

Ọ̀gá Ògúnlẹ̀yẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Ìsọ̀kùn,
ó wo inú rẹ̀, ó wò mí,
ó fi àkísà nu ọwọ́
bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọ olóògbé sọ̀rọ̀.
"Ka púlọ́ọ̀gì," ó ní.
Mo kà á. Mẹ́rin ni.
"Mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́
bí ohun tó wà ní búùtù bá jóòótọ́."

Igba ó lé ọgọ́rin ló wà ní búùtù.
Fàdákà ni, ó ń dán;
bàbá mi a máa fi kánìnkànìn fọ̀ ọ́ ní àràárọ̀ Sátidé
kó tó fọ ojú ara rẹ̀.

"Ọgọ́sàn-án ni orúkọ àmútọ̀runwá Bẹ́ǹsì yìí.
Èyí tí Tíṣà fún un, oríkì ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ó wá jókòó sórí táyà, ó ń ka ẹbí wọn fún mi:
ọgọ́sàn-án, igba, igba ó lé ogún,
ọmọ ìyá kan náà, ojú kan náà,
ìràwọ̀ kan náà lórí imú.
Ọ̀kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ara rẹ̀ kó tó sáré.
Ọ̀kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó lè gbé àpò kòkó méjì.
Wọ́n fi igi dídán ṣe ọ̀ṣọ́ sáyà fún òmíràn;
tiwa, aṣọ lásán ni ìjókòó rẹ̀,
kò ní igi kankan,
àfi ìgbà tí bàbá mi lọ bá káfíńtà.

Ẹ gbọ́ ná. Apá kan ṣoṣo ló fi ń nu òjò.
Bó bá dé igun gíláàsì, á na ara sókè díẹ̀,
bí ọmọ kíláàsì kejì tó ń wá orí pátákó
tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.
Bàbá á ní, "Ó gbìyànjú. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."
Èmi àti Mojíròlá á pàtẹ́wọ́.

Bí ọ̀nà bá sì ti ń lọ́ láti Ẹ̀rìn lọ sí Ẹ̀fọ̀n,
á pa ẹ̀rọ amúlétutù.
"Ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn òkè fẹ́ yín."
A ó yọrí síta, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ,
lọ́rì pákó á kọjá wa.
Atẹ́gùn yẹn dùn.
Òní ni mo mọ ìdí rẹ̀.

Nínú àpótí iwájú, lábẹ́ ìwé orin,
mo rí rísíìtì mọ́kàndínlógún, díẹ̀díẹ̀, oṣooṣù.
Ọmọ Òṣómàáló! Ẹni tí bàbá rẹ̀ lóṣòó
sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè káàkiri Èkìtì,
tó sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun ka owó sílẹ̀.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná,
ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kọ̀, kò mú iná.
Ọ̀gá fọwọ́ kan wáyà,
awọ rẹ̀ ṣí bí èèpo iṣu sísun.
"Bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún yẹn ṣe rí. Kì í ṣe ẹ̀bi Tíṣà."

Mo lọ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa.
Mẹ́jọ àti òdo, ti Jámánì ni.
Méjì nìkan ni ti bàbá mi.
Ó wọ́ díẹ̀ sí òsì;
lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú ibi tí ení ti ṣí kúrò
ṣì dúdú ju ọ̀dà yòókù lọ.

"Ṣé kí n fi ṣukudíráfà yọ ọ́?"
Òjò ti ń ṣú lókè Ìmọ̀.
Mo ní kó fi í sílẹ̀,
kó kàn bá mi tò ó kó gún.

"Kò burú. Lọ ra púlọ́ọ̀gì wá. Mẹ́rin o.
Fi ẹsẹ̀ rìn lọ.
Bí wọ́n bá rí ìdí ọkọ̀ yìí,
mẹ́fà ni wọn á tà fún ẹ."